Lẹ́tà Kan, Ife Tíì Kan

Nílé wa, bí àgbà bá ní kó o fi abọ́ sílẹ̀, kó o má ṣe ìyọnu, o ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. O máa kúnlẹ̀ gba abọ́ yẹn, o máa fọ̀ ọ́, àgbà á máa ráhùn pé òun ní kó o fi í sílẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí n tó wá bá ìyá mi ní London nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ayé ìyá àgbà kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Madame Pettifer ni wọ́n kọ sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀, ní àjà kejì ilé kánsù kan ní Woolwich Dockyard, níbi tí èèyàn ti lè dúró lójú fèrèsé máa wo odò Thames tó ń ṣàn lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é. Ọmọ Faransé ni. Pettifer jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ará ibí, àmọ́ bó o bá pè é ní Mrs Pettifer, kò ní dá ọ lóhùn. Madame ni. Ní ọdún 2014 tí mò ń sọ yìí, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé kò lè di pẹ́ńsù mú mọ́. Èmi ni iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà rán sí i, láàárọ̀ fún ìwẹ̀ àti oúnjẹ, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán fún tíì.

Mi ò lọ yunifásítì. Ìwé ìtàn ni mò ń yá ní ilé ìkàwé Woolwich, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń kà wọ́n nínú bọ́ọ̀sì 177 títí bọ́ọ̀sì á fi gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ Madame, ọ̀kan nínú wọn yọ lẹ́nu báàgì mi. Kò tíì béèrè orúkọ mi tó fi na ọwọ́ mú un. Ó rí i pé mo ti ká etí ojú ìwé kan láti fi mọ ibi tí mo kà dé. Ó fi èékánná tẹ́ etí náà padà, ó ya ìwé pélébé kan, ó fi há ibẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti ká etí tìrẹ rí?" ló bi mí.

"Wọ́n ti fà á rí, Madame. Ìyá mi ni."

"Ó dáa. O mọ bó ṣe ń dun ìwé nìyẹn."

Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Tirẹ̀ dà bí ẹni pé imú ló ń bá ẹnu sọ ọ́, tèmi sì ní Ìjẹ̀bú nínú. Àmọ́ Yorùbá ló máa ń dà nínú orí mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ níbí.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ayé rẹ̀, ìdí ife tíì ló ti sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀. Ìlú Rochefort ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Faransé, létí odò kan tí kò jìnnà sí òkun. Nígbà ogun Hitler, wọ́n kó ìwé ìlú náà pamọ́ sí àjà ilẹ̀ ọkùnrin kan tó ń ta wáìnì. Nígbà tí ogun parí, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ìwé náà ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé wá ran òun lọ́wọ́ láti kó o padà. Madame jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá náà kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: bó o ṣe bá a ni kó o ṣe gbé e, bó o ṣe gbé e ni kó o ṣe sọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó kàwé, ó di olùtọ́jú ìwé ìlú náà fúnra rẹ̀, ó lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí rẹ̀, ó sì ń kọ ìtàn láti inú wọn. Kì í ṣe ìtàn ọba àti ọ̀gágun. Àwọn alágbàfọ̀, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń hun okùn rẹ̀, ìtàn tiwọn ló ń kọ.

Inú ìwé wọ̀nyẹn ló ti pàdé Jeanne Rabier. Ní ọdún 1819, Jeanne lọ sí ọ́fíìsì ìlú, ó ní kí wọ́n kọ òun sílẹ̀ ní opó, pé ọkọ òun, Anselme, ahunkùn, ti kú sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú un lójú ogun. Ó tán. Àfi pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Madame rí ìwé mìíràn tó ní Anselme kan náà wà ní Woolwich ní ọdún 1826, pé ó ń hun okùn, pé ara rẹ̀ le koko, pé obìnrin ará ibẹ̀ kan ti bí ọmọbìnrin kan fún un.

"Ọkùnrin kan kú ní Rochefort, ó wà láàyè ní Woolwich," ni Madame wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn?"

Ó kó ẹrù, ó wá wò ó. Ó bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan pé níbo ni ibi tí wọ́n ti ń hun okùn láyé àtijọ́ wà. Awakọ̀ náà, Leonard Pettifer, ní kò sí níbẹ̀ mọ́, àmọ́ tó bá lè dúró di agogo márùn-ún tí òun máa ṣíwọ́, òun á fi ibi tí kò sí náà hàn án. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni nígbà yẹn, kò ṣe ìgbéyàwó rí. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ra. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n lò pọ̀ kí Leonard tó kú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò rí ìdí ọ̀rọ̀ Anselme.

Oṣù kẹta ọdún 2014 ni àpótí dé. Obìnrin arúgbó kan ní Plumstead, tó jẹ́ ẹni ìkẹyìn nínú ìran Anselme, tó sì mọ̀ pé Madame ń wá ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kú, ó sì fi àpótí igi kan sílẹ̀ fún Madame. Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ní ìdì márùn-ún, òwú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi di ìkọ̀ọ̀kan. Anselme máa ń kọ lẹ́tà sílé lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́, ó fi ọ̀kan pamọ́, ó sì ń kọ ọjọ́ sí orí gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́. Láàárín tirẹ̀ ni mẹ́tàdínlógún wà tí kò lọ́jọ́ rárá. Àwọn yẹn ló ti ọ̀dọ̀ Jeanne wá. Jeanne ò mọ̀wé kọ, aládùúgbò ló ń bá a kọ ọ́, aládùúgbò náà kò sì ka ọjọ́ sí.

Madame tú ìdì kọ̀ọ̀kan sórí àga tirẹ̀ pẹ̀lú òwú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ibi tí àlejò lè jókòó sí. Èmi gan-an, orí àpótí òfìfo ni mò ń jókòó. Lójoojúmọ́ tí ojú rẹ̀ bá gbà fún un, ní agogo mẹ́ta, ó máa mú lẹ́tà kan láti orí ìdì, ó máa fi awò tó ń mú nǹkan tóbi kà á fúnra rẹ̀ ní Faransé, ó máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, ó sì máa dá a padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́tà kan, ife tíì kan. Kò jẹ́ ká ka méjì. Ó ní ẹni tó bá jẹ ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, inú á run ún. Kò sì fi nọ́ńbà sí ìkankan. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé a kì í kọ nọ́ńbà sí ìwé tí a kò tíì kà tán, pẹ́ńsù la sì fi ń kọ ọ́, nítorí ohun tí a fi pẹ́ńsù kọ ṣeé tọrọ àforíjì fún.

Bí a bá tán, mo máa kọ lọ́ọ̀gì. Lọ́ọ̀gì ni ìwé tí àwa tó ń tọ́jú arúgbó gbọ́dọ̀ kọ lẹ́yìn gbogbo ìbẹ̀wò: ó jẹun, ó wẹ̀, ó lo oògùn. Àmọ́ ìwé ìtàn ti bà mí jẹ́. Mi ò lè kọ "ó mu tíì" kí n dúró síbẹ̀. Mo máa ń kọ bí oòrùn ṣe wà lójú odò, mo máa ń kọ ohun tí Anselme sọ, mo máa ń kọ ohun tí Madame sọ nípa ohun tí Anselme sọ. Ní ìparí oṣù, ìwé náà á lọ sí ọ́fíìsì wa ní Nathan Way, láàárín àwọn tó ń ta táyà àti àwọn tó ń ta táìlì, sọ́dọ̀ ọ̀gá wa, Àǹtí Felicia.

"Kàfí," Àǹtí Felicia pè mí lórí fóònù ní ìparí oṣù kẹrin, "ṣé a ní kó o máa kọ fíìmù fún wa ni? Ó mu tíì, ó jẹ bisikíìtì, ó parí. Kí ló kàn mí pẹ̀lú màlúù tó kú ní Faransé?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Ẹ má bínú, ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà o máa kọ ojú ìwé mẹ́ta mìíràn."

Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ.

Ní oṣù kẹwàá, a ka lẹ́tà tó kẹ́yìn. Madame ní kí n tẹ ilé ìpamọ́ ìwé Rochefort láago. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Maëlle, tó jókòó sórí àga tí Madame fi sílẹ̀, máa wá ní ọjọ́ Jímọ̀ láti fi nọ́ńbà sí àwọn lẹ́tà náà ní ojú Madame, kó sì gbé wọn lọ sílé. Lẹ́yìn igba ọdún, wọ́n máa padà sọdá omi. Madame ń sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní kí n gé irun iwájú òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ fún ìyá mi. Ilé wa ò jìnnà sí Tavy Bridge, níbi tí wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun, tí eruku kò sì jẹ́ kí Mọ́mì ṣí fèrèsé. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe ní ọsibítù, kò sì sí ìdọ̀tí tó lè fi ara pamọ́ fún un, ì báà jẹ́ nílé onílé.

"Àlejò ń bọ̀ láti Faransé," ló wí, ó ń ká aṣọ. "Ilé ìyá yẹn ṣì rí bó o ṣe máa ń ròyìn rẹ̀? Ìwé lórí àga, ìwé lórí rédíò?"

"Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, Mọ́mì."

Mọ́mì dáwọ́ aṣọ kíká dúró. "Kí lo fẹ́ kó sọ? Kó ní, Kafilat, dákun wá gbá ilé mi? Àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kó mọ̀. Bí àlejò bá wọlé tí kò ríbi jókòó sí, ìwọ lójú ń tì, kì í ṣe òun."

Mo rò ó, ó jọ òótọ́. Àní ó jọ òótọ́ ju òfin Madame lọ, nítorí pé ó ti pẹ́ nínú mi.

Ọjọ́rú, ọkọ̀ ọsibítù wá gbé Madame lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Mo dúró sẹ́yìn. Mo ra fáìlì oníke tuntun márùn-ún, mo yá sítépúlà. Mo nu gbogbo àga. Mi ò gbọ́ Faransé, àmọ́ mo lè ka ọjọ́. Mo to gbogbo lẹ́tà tó lọ́jọ́ láti 1814 dé 1841, èyí tó bá ní ojú ìwé méjì, mo fi sítépúlà kàn án kó má baà sọnù. Àwọn mẹ́tàdínlógún tí kò lọ́jọ́, mo fi wọ́n sínú fáìlì tó kẹ́yìn, mo kọ "Aláìlọ́jọ́" sára rẹ̀ dáadáa. Òwú márààrún ti gbó, mo sọ wọ́n sí inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà mo fi òdòdó sínú ife kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò ó, orí mi wú.

Madame wọlé ní agogo mẹ́rin kọjá. Wọ́n ti kán oògùn sí i lójú, kò ríran dáadáa, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ kan àga àkọ́kọ́. Ó dúró. Ó kan èkejì.

"Kàfí, ta ló wá síbí?"

"Kò sẹ́ni tó wá, Madame. Èmi ni mo tún ilé ṣe fún àlejò yín."

Ó fọwọ́ kan ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún.

"Òwú wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbó, mo..." Mo wá rí ojú rẹ̀. Mo sáré lọ sí ilé ìdáná, mo yọ òwú márààrún kúrò láàárín ewé tíì. Nígbà tí mo padà dé, ó ti jókòó. Láti oṣù kẹta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa jókòó sórí èyíkéyìí nínú àga wọ̀nyẹn.

"Mo ní kó o fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. Kò pariwo. Ì bá sàn tó bá pariwo.

"Mo rò pé ẹ kàn ń sọ ọ́ ni, Madame. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ní ká fi nǹkan sílẹ̀, ó fẹ́ ká ṣe é ni."

Ó ronú sí i. "Ìlú tó nira ni ìlú yín," ló wí níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ká ní mo wọ ìlú yẹn. Mo ní kí gbogbo èèyàn jáde kúrò nílé wọn, mo tò wọ́n sí pápá, àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn. Ó mọ́ tónítóní. Ṣé mo ṣì lè mọ ìyá ta ni ta ni?"

"Rárá, Madame."

"Wọ́n ti wà ní pápá."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, bí ẹni pé mi ò jókòó tì í láti ọjọ́ yìí, pé àwọn mẹ́tàdínlógún wọ̀nyẹn lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà tí kò lọ́jọ́, àyè tó wà ni ọjọ́ rẹ̀. Èyí tó bá wà láàárín 1816 àti 1817, a mọ ìgbà tó dé. Ọmọ Anselme ló dì wọ́n bí bàbá rẹ̀ ṣe fi wọ́n sílẹ̀, kò sí ọwọ́ tó tún kàn wọ́n. Bí Jeanne bá kọ gbogbo tirẹ̀ ṣáájú 1819, a jẹ́ pé ó kọ̀wé títí, ó sú u, ó fi ẹnu pa ọkọ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Bí ọ̀kan péré bá wà lẹ́yìn 1819, a jẹ́ pé ó dárí jì í.

"Ṣé ẹ ò rántí ni? Ẹ ti kà wọ́n."

"Mo rántí. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ó dárí jì í. Ta ló máa gba irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ gbọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó na ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, kò bá orí mi, ó bá èjìká mi.

"Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa sọ fún Maëlle pé èmi ni mo dà wọ́n rú," ló wí. "Arúgbó tí kò ríran. Ó máa gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan."

Mo bá ọ̀rọ̀ yẹn wọ bọ́ọ̀sì. Ọgọ́ta ọdún tó ti ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má tò ó, yóò wá sọ fún ọmọ tó jókòó sórí àga rẹ̀ pé òun ló tò ó, kí wọ́n má baà lé mi níbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kọjá Plumstead. Mi ò yọ ìwé kankan nínú báàgì. Mo ń gbìyànjú láti rántí lẹ́tà tí màlúù Jeanne kú sí, bóyá ó wá ṣáájú èyí tí eyín ti ń dun Anselme tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kẹrin ni, nítorí ìgbà yẹn ni Àǹtí Felicia pè mí tó ní kí ló kan òun pẹ̀lú màlúù.

Mo dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì náà láìjẹ́ pé mo ti débi tí mò ń lọ.

Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Mọ́mì, ó ní, "Ó yẹ kí n ti bi ọ́ bóyá wọ́n máa ń sọ ẹnu lásán ní Faransé." Ó kó mọ́ínmọ́ín tó gbóná sínú abọ́ fún mi, ó ní kí n gbé e fún ọ̀gá mi, kí n tó la ẹnu.

Ní Nathan Way, mo la ẹnu kí n tó gbé abọ́ sílẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Àǹtí Felicia yọ awò ojú rẹ̀.

"O fọwọ́ kan ohun ìní oníbàárà. O dúró sílé rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. Ọjọ́ tí mo gbà ọ́ síṣẹ́, kí ni mo sọ?"

"Pé ká má fọwọ́ kan nǹkan tí kì í ṣe ti ìtọ́jú."

"Mo máa kọ ìwé ìkìlọ̀ fún ọ. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, o máa lọ." Ó tún fi awò náà sójú. "Ní báyìí, kí lo fẹ́?"

"Lọ́ọ̀gì mi, Àǹtí. Láti oṣù kẹta. Fótókópì rẹ̀. Ọjọ́ kan, lẹ́tà kan, bá a ṣe ń kà á ni mo ṣe ń kọ ọ́. Bí mo bá tẹ̀ lé ọjọ́ tèmi, mo máa mọ àyè tiwọn."

Mo rò pé ó máa ní ó ti wà níbì kan lábẹ́ ilẹ̀ nínú páálí. Kò dìde lórí àga. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì mú un jáde, oṣù méje, ó fi kílíìpù há wọn pọ̀. Ẹ̀rúnrún bisikíìtì wà láàárín oṣù kẹfà.

"Ẹ ń kà á," ni mo wí.

"Tí mo bá ń jẹun ọ̀sán ńkọ́? Ṣé kí n máa wo ògiri ni?" Ó pe Madame lórí fóònù, ó gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ó kọ orúkọ àti aago tí ó fi gbà á. Ó da ìwé sínú ẹ̀rọ fótókópì. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, kò wo ojú mi. "Ìwé ti oṣù yìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò sì tíì ka ti oṣù kẹsàn-án kọjá ọjọ́ kẹjọ. Jeanne yẹn, ṣé okùn tí ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i padà dé ọwọ́ rẹ̀?"

"Ohun tá a fẹ́ mọ̀ nìyẹn, Àǹtí. Ìgbà tó dé."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, èmi àti Madame bẹ̀rẹ̀. Mò ń ka lọ́ọ̀gì sókè, ó ń dá lẹ́tà mọ̀. Ojú rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ tó ìka rẹ̀. "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin," ni mo kà. "Oòrùn wà. Madame ò fẹ́ ṣúgà. Lẹ́tà Jeanne, èyí tí àbẹ́là kán sí ní igun. Màlúù ti kú. Madame ní òun ò rò pé màlúù ló ń sunkún lé lórí. Ó dá a padà sábẹ́ lẹ́tà tí Anselme ti ní eyín ń dun òun." Ó wá àbẹ́là pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó rí i, ó gbé e lé orí àga. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Ó rẹ́rìn-ín síbi tí mo kọ pé imú rẹ̀ pọ́n nítorí Anselme. Ó ní irọ́ ni. Mo ní ó wà nínú ìwé.

A dé òpin oṣù keje, ibẹ̀ sì ṣú. Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni, mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Delight, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ló dúró fún mi, ó sì kọ ọ́ bí Àǹtí Felicia ṣe fẹ́: "Ó mu tíì. Kò sí wàhálà." Madame kò lè dúró dè mí nígbà náà, ó ka méjì fúnra rẹ̀, èyí tó máa ń kọ̀ fún mi láti ṣe.

"Inú run yín," ni mo wí.

"Ó run mí títí di òní."

Lẹ́tà méjì kò ní àyè, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti Jeanne. A fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tá a ń wá ṣì wà níwájú. Nígbà tó fi máa kan oṣù kẹsàn-án, ohùn mi ti há, Madame sì ti dákẹ́ ẹ̀rín.

"Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án. Òjò. Madame jẹ bisikíìtì méjì. Anselme ní òun fi okùn gígùn kan tí òun hun fúnra òun rán atukọ̀ kan sí Jeanne, kó fi sá aṣọ." Mo ní kó dúró. Mo wo orí lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1822 ni Anselme kọ síbẹ̀.

"Máa kà," ni Madame wí.

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án. Òjò ṣì ń rọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e. Ti Jeanne ni, ó kúrú. Ó ní okùn náà ti dé. Ó gùn ju àgbàlá òun lọ, òun gé e, òun fún aládùúgbò tó ń kọ lẹ́tà yìí ní ìyókù. Ó ní aṣọ ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Kò sọ nǹkan mìíràn. Madame ní kí n fi tíì sílẹ̀ kó tutù."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó sọ fún gbogbo ìlú pé ọkọ òun ti kú. Madame na ọwọ́, mo fi lẹ́tà kékeré yẹn lé e. Ó gbé e sábẹ́ ti 1822, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó mú òwú pupa tó ń rùn bíi tíì, ó fún mi kí n bá a so ó.

Maëlle dé ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ga, ó wọ bàtà òjò. Kí Madame tó la ẹnu, mo sọ fún un pé èmi ni mo tò wọ́n, èmi ni mo sì fi sítépúlà kàn wọ́n. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀ nígbà tó gbọ́ sítépúlà. Ó yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan nínú báàgì rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gba irin wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó tán, ó ní kí n fi ohun tí mo fi tò wọ́n padà han òun. Ó ka lọ́ọ̀gì náà fún wákàtí kan. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín síbi imú.

Ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí lẹ́tà mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Sí méjì yòókù, Madame ní kó kọ ọ́ pé àyè wọn kò dájú, kó sì kọ ìdí rẹ̀. Maëlle bi í kí ló máa kọ.

"Kọ pé ọjọ́ ọdún ni," ni Madame wí. "Òótọ́ ni."

Lẹ́yìn náà Maëlle fi fótókópì lọ́ọ̀gì náà sínú páálí kan ṣoṣo pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí lẹ́tà Jeanne ṣe gba ọjọ́, láti òní lọ, ibẹ̀ ló máa wò. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Madame ní kó fún mi ní pẹ́ńsù. Mo kọ ọ́ fúnra mi sára fáìlì náà, Kafilat Ọ̀nàfowókàn, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ gbé Maëlle àti àpótí lọ, ilé náà fẹ̀ lójú mi. Àga márùn-ún dúró, kò sí nǹkan kan lórí wọn. Ó tó agogo mẹ́ta. Mo gbé tíì wá, a jókòó, kò sí lẹ́tà.

"Ọjọ́ Ajé," Madame wí, "mú ọ̀kan nínú ìwé tí ò ń yá wá. A máa ka díẹ̀díẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Madame."

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sọ ife kalẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i.

"Fi í sílẹ̀," ló wí.

Mo fa ọwọ́ mi padà kíákíá, mo gbé e lé itan. Mo wo ife náà, mo wo òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu lásán ni àbí òótọ́ ni?"

Madame ronú sí i bó ṣe máa ń ronú sí ohun gbogbo.

"Ife ni," ló wí. "Fọ̀ ọ́."